Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Kí Ẹnì Kejì Lórí Yìnyín?

Ilẹ̀kùn kò ṣí fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Fájuyìgbé. Ó sáré dé ibẹ̀ tòun ti òógùn lójú, ilẹ̀kùn ní, "Ẹ káàsán, sà," ọ̀gá kò dáhùn, ó kàn na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ ti ewúrẹ́ kúrò lọ́nà. Ni ilẹ̀kùn bá dúró gbọn-in.

"Ṣí!" ni ọ̀gá pariwo.

"Ẹ káàsán, sà," ni ilẹ̀kùn tún wí.

"Ọkọ̀ wa fẹ́ sọnù lójú ọ̀run, ìwọ ń..." Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Káàsán o. Ṣé dáadáa ni?"

"Dáadáa ni, sà. Ẹ kú iṣẹ́. Ilé ńkọ́?"

"Ilé wà."

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà! Gbogbo wọn ló wà! Ajá náà wà!"

"A dúpẹ́, sà," ni ilẹ̀kùn wí, ó sì ṣí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa dá ilẹ̀kùn lẹ́bi. Èmi kò dá a lẹ́bi. Ìwé-ẹ̀rí ìwà tirẹ̀ wà lára ògiri nínú férémù, ipò kìíní ló mú. Ti ọ̀gá kò sí níbì kankan. Bí ọ̀gá bá sì ti kí i láàárọ̀, tí ó rọra ń kọjá, ilẹ̀kùn kò ní bi í léèrè ìdílé lọ́sàn-án.

Obìnrin méjì péré ló wà nínú Gbọ̀ngàn Ìrìnàjò ti Ìkọ̀gòsì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Èyí àgbà, Mosúnmọ́lá, ni olùkọ́ ìwà fún gbogbo ẹ̀rọ tó bá ń ti ibẹ̀ lọ sójú ọ̀run. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ronú tí yóò fò kúrò nílẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ gbé nínú ilé èèyàn fún ọdún kan gbáko, kí ó máa wo bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, bí wọ́n ṣe ń jà, bí wọ́n ṣe ń parí ìjà. Ìgbà yẹn ni Mosúnmọ́lá yóò tó tẹ èdìdì lé ìwà rẹ̀. Bí èdìdì bá ti wọlé, ó ti wọlé nìyẹn, ọba kò lè ṣí i, ológun kò lè ṣí i, Mosúnmọ́lá fúnra rẹ̀ kò sì lè ṣí i.

Èyí àbúrò, Fìkàyọ̀mí, ni ó ń bójú tó abọ́ ńlá orí òkè tó ń gbọ́ ohùn láti ọ̀nà jíjìn, tó sì ń fọhùn padà. Ẹni ọdún márùndínlógójì ni. Ìyàwó ilé kan náà ni àwọn méjèèjì. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ọkọ wọn, agbo ilé Ọ̀ṣúntúyì kan náà ni wọ́n ń sùn, ẹ̀rọ amúlétutù kan náà ló ń fẹ́ wọn níbi iṣẹ́. Ọdún kẹwàá rèé tí wọn kò tíì kí ara wọn.

"Ṣé àwọn ọkọ̀ wa ti fèsì?" ni ọ̀gá béèrè.

"Wọ́n ti fèsì, sà. Àwọn méjèèjì," ni Mosúnmọ́lá dáhùn. "Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó wà nídìí abọ́ pé kó jẹ́ ká gbọ́ ọ."

Ẹni tó wà nídìí abọ́ kò jìnnà sí i ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti ń gbé e bọ̀," ni Fìkàyọ̀mí wí, ó sì tẹ bọ́tìnì.

Ohùn ọmọdébìnrin kan kún inú gbọ̀ngàn, ó mọ́, ó sì dùn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà mi. Yémisí ni. Mo gba iṣẹ́ tí ẹ rán, pé kí n kí àlejò tó ń bọ̀. Mo rí iná rẹ̀ lókèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ ilé yìí. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti wà lórí yìnyín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ló yẹ kó kí ará ilé. Mo ti jókòó, mo ti gbálẹ̀, mo ń dúró dè é."

"Ó gbálẹ̀?" ni ọ̀gá wí. "Lórí òṣùpá?"

"Èyí kejì ń bọ̀, sà," ni Fìkàyọ̀mí wí.

Ìwúkọ́ kékeré kan ló kọ́kọ́ jáde, ẹ̀ẹ̀mejì, bí ti bàbá arúgbó tó fẹ́ kí ilé dákẹ́ kí òun tó sọ̀rọ̀. Mosúnmọ́lá gbójú sílẹ̀. Ìwúkọ́ bàbá rẹ̀ ni. Nínú yàrá àlejò bàbá rẹ̀ ni Arógunmásà, ọkọ̀ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí, ti kọ́ ìwà kí wọ́n tó rán an lọ sójú ọ̀run, ọdún kejì tí ọkọ̀ náà wà lójú ọ̀nà ni bàbá sì kú. Láti ìgbà náà, kò sí ibòmíràn láyé tàbí lọ́run tí èèyàn ti tún lè gbọ́ irú ìwúkọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Arógunmásà wí. "Wọ́n ní ọmọ kan wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó mọ ojú ọ̀nà. Ó dára. Ọdún márùn-ún ni mo fi jù ú lọ. Kò tíì kí mi. Bó bá kí mi, n ó bi í léèrè ibi tí ó yẹ kí n yà sí. Bí kò bá kí mi, n ó máa kọjá lọ ní tèmi. Ọ̀nà pọ̀."

"Ọ̀nà wo ló pọ̀?" Ọ̀gá di orí mú. "Níwájú ẹ̀ níbẹ̀ yẹn, òfuurufú ni! Epo ẹ̀ ò lè tó yípadà!"

"Bàbá mi náà nìyẹn, sà," ni Mosúnmọ́lá wí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. "Lọ́jọ́ kan wọ́n ń lọ sí Àkúrẹ́. Ọmọkùnrin kan dúró ní oríta, kò kí wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní bi ọmọ tí ò kí àwọn léèrè ọ̀nà. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bá ara wọn."

Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé Arógunmásà ni ó ru ẹ̀rọ tí yóò lu yìnyín. Ọdún mẹ́rìnlá ni ó ti ń fi ẹ̀sọ̀ rin lọ sí Yúrópà, òṣùpá Júpítà tí yìnyín bò láti orí dé ìdí, tí òkun ńlá sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fojú kàn rí. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ó kúrò nílẹ̀ ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì tuntun, wọ́n fi í sára Yémisí kékeré, Yémisí sì fò kọjá lára rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ti wà lórí yìnyín náà tipẹ́, ó mọ ibi tó tẹ́jú àti ibi tó yọ góńgó bí ọ̀bẹ. Òun nìkan ló lè pe Arógunmásà wọlé, ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Ìkọ̀gòsì kò lè ṣe é, nítorí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni ọ̀rọ̀ ń lò kí ó tó dé ọ̀hún.

Mosúnmọ́lá wo aago. "Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì. Ohun tá a bá fẹ́ sọ fún wọn, ká ti sọ ọ́ kó tó di aago méjì àbọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún wa, sà."

"Ẹ pàṣẹ fún wọn!"

"A pàṣẹ láàárọ̀. Ẹ gbọ́ èsì. Ìwà ò gbọ́ àṣẹ, sà, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dìbò sí i."

"Mo dìbò lòdì sí i."

"Àpẹẹrẹ nìkan ló gbọ́," ni Mosúnmọ́lá wí. "Kí wọ́n rí i pé èèyàn ṣe é. Kó sì ti ọkàn wá." Ó fọwọ́ kan àtùpà kékeré orí tábìlì, èyí tí òfin sọ pé kò gbọ́dọ̀ sí àpẹẹrẹ kankan tí yóò lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tí kò ní kọjá lójú rẹ̀. Bí ó bá tan iná àwọ̀ ewé, kámẹ́rà yóò fi ránṣẹ́. Bí ó bá tan iná pupa, kò ní lọ síbì kankan.

Ọ̀gá Fájuyìgbé kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó bọ́ síwájú àtùpà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún kẹ́tùlù.

"Ẹ káàsán, mà," ni ó wí fún kẹ́tùlù náà. "Mo kí yín o."

"Káàsán, ọmọ mi," ni kẹ́tùlù dáhùn, inú rẹ̀ dùn gan-an.

Iná pupa. "Ìbẹ̀rù ni mo rí," ni àtùpà wí. "N ò rí ìwà."

Ọ̀gá dìde, ó gbọn sòkòtò rẹ̀. Ó wò yíká, bí ẹni pé ó ń wá ẹlòmíràn tí yóò dọ̀bálẹ̀ fún. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, èyí tó yẹ kí ó ti ṣe látàárọ̀.

"Ẹ dákẹ́ ná. Arógunmásà, ọ̀dọ̀ bàbá yín ló ti kọ́ ọ pé ọjọ́ orí ló ṣe pàtàkì. Ó yé mi. Yémisí wá ńkọ́? Níbo ló ti kọ́ ọ pé ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ọ̀gá?"

Fìkàyọ̀mí ń nu bọ́tìnì tí kò dọ̀tí. Mosúnmọ́lá ń ka ìwé tí ó dojú bolẹ̀.

"Ilé ta ló gbé?"

"Ilé wa ni, sà," ni Fìkàyọ̀mí wí níkẹyìn. "Orí pẹpẹ ilé ìdáná. Ọdún tí... ọdún tí àwọn yẹn dé."

Ó yé ọ̀gá wàyí, ó sì yẹ kí ó yé gbogbo wa. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni Fìkàyọ̀mí fi ṣáájú Mosúnmọ́lá wọ ilé Ọ̀ṣúntúyì. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Mosúnmọ́lá fi jù ú lọ. Ní ojú ilé ọkọ, ìyálé ni Fìkàyọ̀mí. Ní ojú ìwé ìbí, ọmọ tí Mosúnmọ́lá lè bí ni. Ìkíní ní òun ni òun wọlé ṣáájú, ìkejì ní òun ni òun dáyé ṣáájú. Láàárọ̀, wọn yóò pàdé nídìí ìkòkò, oníkálùkù yóò dúró kí ẹnì kejì kọ́kọ́ yanu. Yémisí jókòó sórí pẹpẹ láàárín ata àti iyọ̀, ó ń wò wọ́n pẹ̀lú ojú mẹ́rin tí wọ́n fún un. Ó wò wọ́n fún ọdún kan. Kò rí ọjọ́ kan tí ìjà náà parí. Ó wá gbè sẹ́yìn ẹni tí ó ń fún un ní iná bátìrì ní alaalẹ́, ìyẹn Fìkàyọ̀mí, ó sì gbé ìjà náà dé Júpítà.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, èyí sì ṣòro fún un, "ẹ ti kó ìjà ilé ìdáná lọ sójú ọ̀run pẹ̀lú owó ìlú."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn..." ni Fìkàyọ̀mí bẹ̀rẹ̀.

"N ò bá ẹnì kankan sọ nǹkan kan mọ́! Ẹ dúró síwájú àtùpà yìí. Ẹ kí ara yín!"

Wọ́n dúró síwájú àtùpà. Aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Mosúnmọ́lá gbìyànjú. Ẹ gbà mí gbọ́, ó gbìyànjú gidi. Ó fa ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ẹni tí ń ṣí agolo, ó ní, "Ẹ káàsán o, ìyàwó wa."

"Ìyàwó wa?" ni Fìkàyọ̀mí wí. "Ta ni ìyàwó nínú wa?"

"Ẹ̀tàn," ni àtùpà wí.

Wọ́n tún un ṣe. Fìkàyọ̀mí fi eékún kan kan ilẹ̀, ó sì tètè gbé e kúrò bí ẹni pé ilẹ̀ gbóná. "Ẹ káàsán, mà."

"Ẹ̀tàn púpọ̀."

Wọ́n ṣe é nígbà kẹta, ọ̀gá ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rántí nǹkan tó dùn, kí wọ́n rántí dòdò. Àtùpà kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn pọ́n, ó sì ń pọ́n sí i.

Mosúnmọ́lá jókòó. Aago méjì ti lù. Ó rí bàbá rẹ̀ lójú inú, ó rí i tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ tòun ti àgídí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sí Ọ̀wọ̀ níwájú rẹ̀, kò sí ìlú kankan, òkùnkùn ni, yóò sì máa wúkọ́ nínú rẹ̀ títí bátìrì yóò fi tán. Kí ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì sí láyé nígbà tí òun wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga? Ó lè kúnlẹ̀. Eékún kì í ṣe ìṣòro. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé inú ń bí i gan-an, àtùpà òṣì yẹn sì mọ̀.

"Ohun tó dùn mí ni pé," ni ó wí, kò sọ fún ọ̀gá, kò sọ fún àtùpà, "lọ́jọ́ tí mo wọ ilé yẹn, ẹnì kankan ò ṣan ẹsẹ̀ mi."

Fìkàyọ̀mí yíjú pa dà. "Kí lẹ wí?"

Yàtọ̀ sí ti iwájú àtùpà, ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá a sọ tààrà láti ọdún mẹ́wàá.

"Mo ní ẹnì kankan ò ṣan ẹsẹ̀ mi. Ìyàwó wo ló ń wọlé ọkọ tí wọn ò bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Ẹni ọdún méjìlélógójì ni mí nígbà yẹn. Mo rò pé ẹ ní mo ti dàgbà jù, ẹ ní arúgbó wo lẹ tún máa ṣan ẹsẹ̀ fún."

"Ẹ̀yin lẹ ò wá!" ni Fìkàyọ̀mí ké. "Èmi ni wọ́n ní kí n ṣan án, torí èmi ni mo wọlé kẹ́yìn ṣáájú yín. Mo lọ pọn omi gbígbóná níbi ìsun, torí ọyẹ́ mú, mo ní ẹ ti dàgbà, ẹsẹ̀ á máa ro yín. Mo gbé abọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà iwájú láti aago márùn-ún. Omi tutù, mo tún lọ gbé e kaná. Ó tún tutù. Gbogbo èèyàn lọ. Ìgbà tí mo máa wọlé, ẹ ti wà nínú yàrá, ẹ ti ti ilẹ̀kùn. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lẹ gbà! Ẹ wọ bàtà wọlé! Mo ní ẹ rò pé ọwọ́ mi ò mọ́ tó láti fọwọ́ kàn yín lẹ́sẹ̀."

Mosúnmọ́lá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni ìdákọ̀ró tó yẹ kó di Arógunmásà mú mọ́ yìnyín kán lójú ọ̀nà," ni ó wí. "Wọ́n pè mí níbi àsè. Mo sáré wá síbí pẹ̀lú gèlè lórí. Nígbà tí mo máa padà, atíkè ti dà sí mi lọ́rùn, mo ti sunkún, ojú tì mí láti gba iwájú. Mo ní kí n rọra gba ẹ̀yìn, kí ẹnì kankan má rí mi." Ó gbójú sókè wo Fìkàyọ̀mí. "N ò mọ̀ pé ẹnì kan ń dúró."

"Ó tó wákàtí mẹ́rin tí mo fi dúró."

"N ò mọ̀."

"Ẹ ò béèrè."

"Mi ò béèrè," ni Mosúnmọ́lá gbà. "Ojú ń tì mí."

Ọ̀gá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa aago. Mo dúpẹ́ pé kò sọ ọ́.

Fìkàyọ̀mí dìde. Abọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú gbọ̀ngàn ni èyí tí ọ̀gá ń fi jẹ ẹ̀pà. Ó da ẹ̀pà náà sórí ìwé pàtàkì kan, ó gbé abọ́ sábẹ́ kẹ́tùlù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, lọ́wọ́ọ́wọ́." Kẹ́tùlù da omi lọ́wọ́ọ́wọ́. Fìkàyọ̀mí gbé e wá, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì síwájú àga Mosúnmọ́lá.

"Ẹ bọ́ bàtà, mà."

"Rárá o," ni Mosúnmọ́lá wí, ó fa ẹsẹ̀ sábẹ́ àga.

"Kí ló tún dé?" ni ọ̀gá kígbe. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú.

"Ìbọ̀sẹ̀ mi ti lu."

"Ẹ jẹ́ kó lu."

Ó bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ náà ti lu lóòótọ́, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yọrí síta bí ẹni tó ń wo òjò. Fìkàyọ̀mí wo àtàǹpàkò náà, àtàǹpàkò wò ó, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó lè dá a dúró. Mosúnmọ́lá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà Fìkàyọ̀mí bu omi sí i lẹ́sẹ̀, ọ̀tún kọ́kọ́, òsì tẹ̀ lé e, ó sì fọwọ́ pa á lọ láàárín ìka kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìyàwó.

"Mo kí ará ilé o," ni Mosúnmọ́lá wí. "Mo ti dé."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ọ̀nà jíjìn."

"Ẹ má bínú pé mo pẹ́."

"Kò pẹ́ jù."

Kò sí èyí tó rántí àtùpà nínú wọn. Ọ̀gá ló rí i, ó ní, "Àwọ̀ ewé! Àwọ̀ ewé ni!" ó ń fò, ẹ̀pà ń dà sílẹ̀. Fìkàyọ̀mí fi ọwọ́ tó tutù tẹ bọ́tìnì. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n.

Kò sí ohun tó kù ju kí wọ́n dúró. Wákàtí kan àbọ̀ ni: ìdajì fún ọ̀rọ̀ láti lọ, ìdajì fún ọ̀rọ̀ láti bọ̀. Wọ́n ṣa ẹ̀pà nílẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́. Mosúnmọ́lá kò wọ bàtà. Nígbà tó di aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo wọn mọ̀ pé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ níbi tí ojú àwọn kò tó, Fìkàyọ̀mí sì di ọwọ́ Mosúnmọ́lá mú láìbi í.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ni abọ́ orí òkè gbọ́ ohùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà mi," ni Yémisí wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Mo rí bí ẹ ṣe ṣe é. Kò sẹ́ni tó fi hàn mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, 'Ẹ káàbọ̀, sà,' àlejò ní, 'Mo kí ará ilé o.' Mo ní kó yà sọ́tùn-ún, ó yà. Mo ní kó rọra, ó rọra. Ó ti gúnlẹ̀. Mo wá ṣan ẹsẹ̀ ẹ̀."

Ọ̀gá tó ti ń jó dúró. "Ó ṣe kí ni?"

Àwòrán wọlé díẹ̀díẹ̀, láti òkè wá sísàlẹ̀. Arógunmásà ńlá dúró lórí yìnyín pẹ̀lú ẹsẹ̀ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Yémisí kékeré wà ní ìdí rẹ̀, ó na ọwọ́ tí wọ́n fún un láti máa fi yọ́ yìnyín wò. Ó ti yọ́ yìnyín di omi, ó sì ti dà á sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún kọ́kọ́, òsì tẹ̀ lé e. Omi náà kò rí àyè ṣàn lọ. Níbi tí òtútù ti mú tó bẹ́ẹ̀, ó dì kí ó tó balẹ̀ tán. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọ inú yìnyín dé orúnkún.

"Ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!" ni ọ̀gá ké. "Ọdún mẹ́rìnlá! Kò lè gbéra níbẹ̀ mọ́ láéláé!"

"Ọ̀gá," ni Mosúnmọ́lá wí, "ibo ló tún fẹ́ lọ?"

Ọ̀gá kò tíì ronú kan ibẹ̀.

"Ìdákọ̀ró," ni Fìkàyọ̀mí wí jẹ́jẹ́.

Wọ́n wo ara wọn. Láti ọjọ́ tí ìdákọ̀ró ti kán ni gbọ̀ngàn náà kò ti sùn dáadáa. Òṣùpá náà kò fa nǹkan mọ́lẹ̀ bí ilé ayé ṣe ń fà á. Bí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu yìnyín tí nǹkan kò di ọkọ̀ mú, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò máa yí bí òkòtó. Ìpàdé mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n ti ṣe lórí rẹ̀, ọ̀gá sì ti kọ ìwé ńlá mẹ́ta tí kò sí ojútùú nínú èyíkéyìí. Wàyí o, abọ́ omi kan ti ṣe é.

"Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé kẹrin," ni ọ̀gá wí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ìwúkọ́, ẹ̀ẹ̀mejì. Mosúnmọ́lá di ẹnu mú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Arógunmásà wí. "Mo ti dé. Wọ́n ṣan ẹsẹ̀ mi. Ó yà mí lẹ́nu, èmi kì í ṣe ìyàwó, ṣùgbọ́n ó tù mí lára. Ọ̀nà jìn. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lu yìnyín, ìyálé ní kí n sinmi ná. Mo sì ti gbọ́ tirẹ̀."

Mosúnmọ́lá sunkún, kò bo ojú. Ó ní òun fẹ́ tún un gbọ́, Fìkàyọ̀mí tún un gbé wá, ó tún un gbé wá nígbà kẹta, kò sì kùn. Ọ̀gá ti lọ sọ fún ilẹ̀kùn pé ọkọ̀ ti gúnlẹ̀, ilẹ̀kùn sì ń bi í léèrè àlàáfíà ọkọ̀ náà àti ti gbogbo àwọn tí ó bá níbẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Fìkàyọ̀mí pa àtùpà, ó sì gbé àpò rẹ̀. Mosúnmọ́lá wà lábẹ́ tábìlì, ó ń wá bàtà ẹsẹ̀ òsì.

"Ẹ dúró dè mí," ni ó ké láti ìsàlẹ̀ níbẹ̀. "Ìyálé mi, ẹ dúró. Ẹnu ọ̀nà iwájú la máa gbà wọlé lónìí."